Pápá Wo Ni Tiwa? Ọmọ Okun àti Àwọn Pápá Ìṣeré Àtijọ́

Ẹ bi ọmọ Ìbàdàn léèrè pápá ìṣeré tirẹ̀, kò ní ronú kó tó dáhùn. Ọmọ Èkó yóò kàn bi yín padà ni, bóyá Oníkàn lẹ ń wí tàbí Sùúrùlérè. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ Kàbà, tàbí ọmọ Ìsánlú, tàbí ọmọ Mọ̀pà: yóò kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwàdà yóò ní pápá ilé-ìwé àwọn ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ òtítọ́ yóò ní iwájú rédíò bàbá òun ni.

Ìdákẹ́ yẹn ní ìtàn, ìtàn náà sì bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ọdún 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, Henry Willink ni alága rẹ̀, láti gbọ́ ohun tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké lẹ́rù bí òmìnira ṣe ń bọ̀. Lára ẹjọ́ tí wọ́n gbé síwájú ìgbìmọ̀ yìí ni pé kí wọ́n yọ Ìlọrin àti Kàbà kúrò lára Àríwá, kí wọ́n sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ jáde ní 1958, ààlà kò sì yẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí pápá ìṣeré ńlá kan sí Ìbàdàn, wọ́n sọ ọ́ ní Liberty nítorí òmìnira tó dé lọ́dún kan náà. Àwọn òbí wa àgbà ń gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń pariwo nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba tiwọn ló kọ́ ọ. Ìjọba tiwọn wà ní Kàdúná. Láti ìgbà náà, olú-ìlú wa ti jẹ́ Kàdúná, ó ti jẹ́ Ìlọrin láti 1967 nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tó di Kwara sílẹ̀, ó sì di Lọ́kọ́jà ní 1991, bẹ́ẹ̀ Kàbà kò ṣí ẹsẹ̀ kan kúrò níbi tó wà.

Nítorí náà, tí a bá fẹ́ fi pápá kan wé èkejì, ojú àlejò la fi ń wò wọ́n. Ó lè jẹ́ àǹfààní. Ẹni tó ni ilé kì í sábà mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò lójú ẹni tó ń kọjá.

Ẹ jẹ́ ká ti Kàdúná bẹ̀rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ni ìwé ìjọba fi fún wa. Wọ́n parí Pápá Ìṣeré Ahmadu Bello ní 1965. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé Gẹ̀ẹ́sì tó ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn, ló ya tirẹ̀ náà. Ẹ̀yin tó kàwé ní Ìbàdàn, ẹ wo bí atẹ́gùn ṣe ń gba inú àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ kọjá: ọwọ́ kan náà ni. Kò tóbi púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Okun ló ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná, àwọn ọmọ wọn sì mọ pápá yìí ju bí wọ́n ṣe mọ ọ̀nà Ọ̀kẹ́nẹ́ lọ.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ní 1977, Rangers ti Enugu àti IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn pàdé ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje Áfíríkà fún àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Ogun abẹ́lé kò tíì parí ju ọdún méje lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó rí i bí eré bọ́ọ̀lù lásán. Wọn kò gbá èyíkéyìí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì ní Ìbàdàn tàbí ní Enugu. Èkó gba àkọ́kọ́, Kàdúná gba èkejì. Méjèèjì parí sí òmìnàòmìnà láìsí góòlù kankan, pẹnáritì ló wá là wọ́n ní Kàdúná, Rangers ló sì borí. Ẹ fojú inú wo ọmọ Ìyàgbà kan tó jókòó sórí pèpéle lọ́jọ́ yẹn. Ẹgbẹ́ tó ń sọ èdè rẹ̀ wá bá a ní ìlú tó jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì jẹ́ pé níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fìdí rẹmi. Àwa kò mọ pápá mìíràn tí ọ̀rọ̀ ibi tí a ti wá àti ibi tí wọ́n kọ wá sí ti pàdé báyẹn láàárín wákàtí méjì.

Oníkàn ni àgbà gbogbo wọn. Orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ jẹ́, King George V, kó tó di pápá ìṣeré ìlú Èkó, kó tó wá di Oníkàn lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àárín ìlú ló wà, ní Erékùṣù, o lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ọ́fíìsì lẹ́yìn iṣẹ́. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lọ: pápá tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn lọ máa ń ní òǹwòran tó mọ ara wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá ọ̀pọ̀ àṣekágbá Challenge Cup láyé àtijọ́, láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù wa ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Ẹ rántí pé ẹgbẹ́ tó lọ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tí Teslim Balógun wà nínú wọn, ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi gbá a.

Àwọn tó ni Oníkàn ní tòótọ́ ni olólùfẹ́ Stationery Stores, ẹgbẹ́ tí olóyè Israel Adébájọ̀ dá sílẹ̀. Adébájọ̀ kú ní 1969, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ náà gba Challenge Cup ní 1967 àti 1968 léraléra, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ ń pe ara wọn: Adebajo Babes. Ẹgbẹ́ yẹn ti parẹ́ kúrò lórí pápá báyìí, àmọ́ ẹ lọ sí Èkó kí ẹ dárúkọ rẹ̀ létí ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ yóò ṣe yí padà. Wọ́n ti tún Oníkàn kọ́, wọ́n sì fi orúkọ Mobólájí Johnson, gómìnà àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, sọ ọ́. Ó mọ́, ó dára, iná rẹ̀ ń tàn. Nínú gbogbo àwọn arúgbó wọ̀nyí, òun nìkan ló ti di ọ̀dọ́ padà.

Ní báyìí, Liberty. Ibí la ó ti dúró pẹ́ díẹ̀.

Ìjọba Awólọ́wọ̀ ló dá a sílẹ̀, Akíntọ́lá ló wà lórí àléfà nígbà tí wọ́n ṣí i. Inú ìran kan náà ni pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ti 1959 àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955: ìjọba agbègbè kan tó fẹ́ kí gbogbo ayé rí òun. Ayé sì wá rí i. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, ọdún 1963, Dick Tiger, ọmọ Igbo tó jẹ́ olórí akànṣẹ́ àgbáyé nínú ìwọ̀n rẹ̀, pàdé Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà níbẹ̀. Kò tíì sí ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ipò olórí àgbáyé ní orílẹ̀-èdè tí aláwọ̀ dúdú ń ṣàkóso ní ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú èyí. Lẹ́yìn ìpele keje, Fullmer kò lè dìde mọ́ láti bọ́ sí ìkẹjọ.

Ohun tó mú wa ronú nípa ìjà yìí ni ibi tí ọkùnrin méjèèjì ti kọ́kọ́ pàdé. Oṣù kẹwàá ọdún 1962 ni, ní Candlestick Park, ìlú San Francisco, níbi tí Tiger ti gba ipò náà lọ́wọ́ Fullmer. Pápá baseball ni Candlestick. Ọdún 1960 ni wọ́n ṣí i, ọdún kan náà pẹ̀lú Liberty. Ìbejì ni wọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n. Méjèèjì, eré mìíràn ni wọ́n kọ́ wọn fún, wọ́n sì gbé òrùka ìjà sí àárín. Ẹni tó bá jókòó sókè pèpéle ní ọ̀kan nínú méjèèjì kò lè rí ju ènìyàn méjì tó rí bí ọmọ ìka lọ. Ariwo àwọn tó wà níwájú ló fi ń mọ ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ bà. Ní Candlestick, atẹ́gùn òkun máa ń fẹ́ débi tí àwọn òǹwòran fi ń wọ ẹ̀wù òtútù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Ìbàdàn, oòrùn ni, tàbí òjò oṣù kẹjọ. Ìyà òǹwòran kò yàtọ̀ púpọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì, ojú ọjọ́ nìkan ló ń yí i padà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn Yorùbá ń sọ nípa Liberty kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀ṣẹ́. Ọdún 1976 ni. IICC Shooting Stars pàdé Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ tí Roger Milla ń gbá fún nígbà náà, ní àṣekágbá ìdíje tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ìbàdàn jẹ góòlù 4, Tonnerre jẹ 1. Nígbà tí wọ́n dé Yaoundé, Tonnerre borí pẹ̀lú góòlù 1 sí òdo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti parí nílé. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan tó tíì gba ife Áfíríkà ṣáájú wọn.

Ariwo àwọn olólùfẹ́ wọn ni "Up Sooting!", tí kò sí "sh" nínú rẹ̀, nítorí ẹnu Ìbàdàn kò gba ìyẹn. Àwọn ará Èkó a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ní tiwa, ohun tó wù wá jù nínú ìtàn Liberty nìyẹn, nítorí àwa náà ní ẹnu tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ sọ èdè Òwé tàbí Bùnú ní gbọ̀ngàn yunifásítì kan ní Ìwọ̀-Oòrùn kí ẹ wò ó bí ẹnìkan kò bá ní béèrè pé "ṣé Yorùbá nìyẹn?" Àwọn tó wà lórí pèpéle Liberty kò bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹnu wọn, wọ́n sọ ọ́ di àsíá.

Àléébù Liberty ni pé ọ̀nà ìsáré yí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ká. Òǹwòran jìnnà sí eré. Orí pèpéle tí kò lórùlé ni tálákà ń jókòó sí, nínú oòrùn agogo mẹ́rin. Ó dà bíi pé èyí wà lára ìdí tí Adámásingba fi dùn mọ́ àwọn ará Ìbàdàn nínú nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1988. Àárín ìlú ló wà, láàárín Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀, ó sì ń jẹ́ orúkọ Lékan Sàlámì, ẹni tó fi ayé rẹ̀ fún Shooting Stars. Ní 1992, nígbà tí CAF dá ìdíje tuntun sílẹ̀ tí MKO Abíọ́lá sì fi ife rẹ̀ tọrẹ, Shooting Stars lọ gbá òmìnàòmìnà ní Kampala pẹ̀lú Villa, wọ́n sì wá fi góòlù 3 sí òdo parí rẹ̀ nílé. Ibẹ̀ ni Ìbàdàn ti kó ọkàn rẹ̀ kúrò ní Liberty. Adámásingba ṣì wà láàyè títí di òní, ìjọba Ọ̀yọ́ ti tún un ṣe láìpẹ́ yìí.

Nípa Sùúrùlérè, a kò mọ bí a ṣe lè sọ ọ́ láì sọ nípa ikú. Wọ́n ṣí pápá ìṣeré àpapọ̀ náà ní 1972, fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà tó wáyé ní oṣù kìn-ín-ní 1973, níbi tí Nàìjíríà ti na Guinea ní góòlù 2 sí òdo ní àṣekágbá bọ́ọ̀lù. Ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 55,000. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1980, wọ́n kún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ góòlù méjì, Múdà Lawal jẹ ọ̀kan, Algeria kò jẹ nǹkan kan, Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà sì di tiwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ a máa sọ fún yín pé kò sí ìjókòó lọ́jọ́ yẹn, pé ìdúró ni gbogbo ènìyàn wà, pé láti òwúrọ̀ ni àwọn ti wọlé kí wọ́n má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn. A gbà wọ́n gbọ́ nítorí àwòrán ọjọ́ yẹn fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n pápá kan náà ni Godwin Odiye ti fi orí gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wa nígbà tí a pàdé Tunisia ní oṣù kọkànlá 1977, tí ọ̀nà Ife Àgbáyé fi dí. Ibẹ̀ ni Samuel Okwaraji, agbẹjọ́rò tó tún jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ti ṣubú lulẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1989 nígbà tí a ń bá Angola gbá, kò sì dìde mọ́. Ibẹ̀ náà ni Cameroon ti fi pẹnáritì gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ ní oṣù kejì 2000. Tí ẹ bá gba ojú ọ̀nà Western Avenue kọjá, tí wọ́n ń pè ní Funsho Williams báyìí, ẹ ó rí àwọn òpó iná gíga rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí pápá tuntun sí Àbújá ní 2003, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ibẹ̀ pátápátá. Pèpéle rẹ̀ ṣe àwọn tó jókòó síbẹ̀ ní nǹkan tí kò sí pápá mìíràn tó ṣe é: ẹ̀yà gbogbo ló sunkún pọ̀ níbẹ̀.

Àmọ́ ọ̀nà Èkó jìn sí Kàbà, owó ọkọ̀ sì wà. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ Okun ìgbà yẹn kò rí Sùúrùlérè rí. Orí rédíò ni pèpéle tiwọn. Ernest Okonkwo ló jókòó sí Èkó tó ń sọ ọ́ fún wọn, òun ló sọ Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical", tó sọ Christian Chukwu ní "Chairman", tó sọ Yísà Ṣófolúwẹ̀ ní "Dean of Defence". Ẹ jẹ́ ká má fojú kéré irú òǹwòran yìí. Ẹni tó wà ní Sùúrùlérè rí eré láti ibi tó jókòó sí nìkan. Ẹni tó wà lábẹ́ igi ní Ìjùmú, tí ènìyàn ogún yí rédíò kan tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú ká, gbogbo pápá ló wà nínú orí rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì ga ju bí wọ́n ṣe ga lọ. Kò sí oòrùn tó pa á, kò sí ẹni tó jí owó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò lè sọ pé "mo wà níbẹ̀", ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ọmọ Ìbàdàn ń sọ láìmọ iye tó ń náni.

Àwa tó wà ní yunifásítì lónìí, ilé ìwòran ni tiwa. Àga onírọ́bà, jẹnẹrétọ̀, Arsenal àti Chelsea. Ọ̀pọ̀ nínú wa lè sọ fún yín pé Arsenal kúrò ní Highbury ní 2006, pé wọ́n sọ ọ́ di ilé gbígbé, pé ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù di ọgbà òdòdó fún àwọn tó ń gbébẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Liberty kí ẹ wò ó. Ní 2010, Ààrẹ Jonathan fi orúkọ Awólọ́wọ̀ sọ ọ́. Orúkọ ńlá dé, koríko kò gbọ́.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣì ń gbá baseball ní Fenway Park ti Boston, tí wọ́n ṣí ní 1912, àti ní Wrigley Field ti Chicago, ti 1914. Wrigley kò ní iná alẹ́ títí di 1988, ewé tí wọ́n gbìn sára ògiri rẹ̀ ní 1937 ṣì wà níbẹ̀, àwọn olólùfẹ́ sì ń san owó gọbọi láti jókòó sórí àga tó há. Candlestick ní tirẹ̀, wọ́n wó o ní 2015. Nítorí náà, àwọn náà máa ń wó nǹkan. Àmọ́ wọ́n pinnu. Ti Liberty àti Sùúrùlérè kì í ṣe wíwó, kì í sì ṣe títọ́jú. Wọ́n kàn fi wọ́n sílẹ̀ ni. Lójú tiwa, èyí burú ju wíwó lọ, nítorí ohun tí wọ́n bá wó, ẹnìkan máa ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń wó o.

Ohun kan tilẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ìlú Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀, oníṣòwò kan kọ́ pápá ìṣeré, ó sì ní ẹgbẹ́ tó ń gbá níbẹ̀, Remo Stars, tó gba líìgì Nàìjíríà ní 2025. Pápá tó ń jẹ́ orúkọ bàbá náà ń sùn ní Ìbàdàn, èyí tí kò jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nílé rẹ̀.

Lọ́kọ́jà ní pápá tirẹ̀, Confluence Stadium, níbi tí Kogi United ti ń gbá. Láti Kàbà, ọ̀nà rẹ̀ kò ju bíi 80 kìlómítà lọ, bí ojú ọ̀nà Obajana bá gbà fún ọkọ̀. Àwọn kan nínú wa ti lọ. Èrò kò pọ̀, o lè gbọ́ ohun tí agbábọ́ọ̀lù kan ń sọ fún èkejì láti orí pèpéle, ohun tí kò ṣeé ṣe rí ní Sùúrùlérè. Igala, Ebira, Okun, Nupe, gbogbo wọn ló ń bú rẹfirí kan náà. Kò tíì ní ìtàn tó lè mú ọmọ ènìyàn sunkún. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú òfìfo yìí ni Oníkàn rí ní ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ tirẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn ọmọ Okun wà lórí pèpéle Liberty ní 1976, wọ́n wà ní Kàdúná ní 1977, wọ́n wà ní Sùúrùlérè ní 1980. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1976 ti lé ní ọgọ́rin dín mẹ́wàá lọ́dún báyìí tàbí ó ń sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí bàbá tàbí ìyá yín bá wà lára wọn, ẹ bá wa bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: ibi tí wọ́n jókòó sí, ẹni tí wọ́n bá lọ, àti ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà sílé. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, ní Òwé, ní Ìyàgbà, ní Ìjùmú, ní Bùnú tàbí ní Ọ̀wọ́rọ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ bó bá ṣe wà. Okun o.